Ẹ Fa Ọkọ̀ Gòkè Kẹ́ ẹ Tó Sanwó

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ jọ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni. Ó kan ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèrò láti ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù. Ẹnì kan lè máa sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, kí ló kan ará Tamale nínú ọ̀rọ̀ omi? Ṣé etí òkun la wà ni? Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Omi tó ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ nínú ilé wa, odò White Volta ni wọ́n ti ń fà á, ní Nawuni, kí wọ́n tó sẹ́ ẹ ní Dalun. Yapei tó wà lójú ọ̀nà Kumasi, Tamale Port ni orúkọ rẹ̀ kejì, èbúté ìlú wa yìí. Ẹrù tó bá ti Salaga ń lọ sí ìsàlẹ̀, ó lè gba Makango kọjá lórí omi dé Yeji. Àwọn abúlé kan wà ní apá Yagaba àti Kubori tí gbogbo ayé ń pè ní Overseas, nítorí pé bí òjò bá ti rọ̀ kánrin, omi á yí wọn ká, ọkọ̀ ojú omi ló kù tí wọ́n á fi gbé aláboyún dé ọsibítù. Ẹ sì wò ó, kì í ṣe apẹja nìkan ló ń ra ọkọ̀. Oníṣòwò iṣu lè rà á. Ẹgbẹ́ alájọ lè dá owó jọ rà á. Ẹni tó ń gbé inú ìlú, tí kò mọ àjẹ̀ í dì mú, lè rà á, kó gbé e fún atukọ̀ kó máa fi ṣiṣẹ́ fún un. Tuntun wọ́n. Àlòkù ló wà nítòsí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó yé wa lónìí. Ẹ má ra ọkọ̀ tó wà lórí omi. Ẹ ní kí wọ́n fà á gòkè. Kí ìdí rẹ̀ hàn síta, kẹ́ ẹ fojú rí i, kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀. Mo tún un sọ: ẹ fa ọkọ̀ gòkè kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tó lọ ra àgbò Iléyá, kò jẹ́ sanwó láìla ẹnu àgbò wo eyín. Kí ló wá dé tí ẹni tó fẹ́ kó owó ọdún púpọ̀ lé ọkọ̀ ojú omi á dúró sétí omi, á na ọrùn wò ó lókèèrè, á yin ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún, á ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì kóun gbọ́ bó ṣe ń dún, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an? Ibi tó ń wò yẹn, ibẹ̀ kọ́ ni ikú ọkọ̀ ń gbà wọlé. Abẹ́ ni. Abẹ́ tí omi bò yẹn gan-an ni.

Kí nìdí tí mo fi gbé ìdí ọkọ̀ ṣáájú ohun gbogbo? Ẹ jẹ́ ká wo irú omi tá a ní. Nígbà tí wọ́n parí ìsédò Akosombo ní 1965, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ilẹ̀ tó jẹ́ oko, abúlé àti igbó. Ọ̀pọ̀ igi inú igbó náà, wọn ò gé e kí omi tó bò ó. Àwọn igi yẹn ò lọ síbì kankan. Púpọ̀ nínú wọn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Òmíràn yọrí sókè, òmíràn fara pa mọ́ díẹ̀ sísàlẹ̀ ojú omi, níbi tí atukọ̀ ò ti lè rí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi bá fà, kùkùté tó jìn sísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sún mọ́ òkè. Nígbà òjò, tí Burkina Faso bá tún ṣí ìsédò Bagre, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe láti ìparí oṣù August, White Volta á kún àkúnya, á sì máa wọ́ ìtì igi bọ̀. Ọkọ̀ tó ti ń rìn lórí irú omi bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ṣé ìdí rẹ̀ lè ṣàì ní ọgbẹ́? Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní January 2022. Ọkọ̀ kan gbé àwọn ọmọ iléèwé lórí adágún Volta ní agbègbè Sene East. Ó kọ lu kùkùté, ó dojú dé, àwọn òbí sì sin ọmọ. Ẹ tún rántí June 2023 nílé lọ́hùn-ún, ní agbègbè Patigi ní ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn tó ti ibi ìgbéyàwó ń bọ̀ wọ ọkọ̀ lórí odò Ọya, ọkọ̀ náà rì, àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bá a lọ. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ sọ ni pé ó forí gbá ìtì igi lábẹ́ omi, ó sì là sí méjì.

Mi ò sọ pé pákó àwọn ọkọ̀ yẹn ti jẹrà. Mi ò ní ẹ̀rí ìyẹn, mi ò sì ní parọ́ mọ́ òkú. Ohun tí mò ń sọ ni pé omi wa máa ń gbá ìdí ọkọ̀. Ó ti gbá a lánàá, ó máa gbá a lọ́la. Pákó tó le lè gba irú ìgbá bẹ́ẹ̀ kó má ṣẹ́, tàbí kó là díẹ̀, kí atukọ̀ ráyè fi wà á dé èbúté. Pákó tó ti jẹrà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbá kan ṣoṣo ti tó o. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ láìwo ìdí rẹ̀, kò mọ èyí tóun rà nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa nípa ìdí tá a fi máa ń wo ibi tí kò yẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tá a fi apá àríwá Ghana ṣe ilé, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ṣakí, Ọ̀fà àti Èjìgbò ni àwọn bàbá wa ti wá. Ará ọ̀dàn ni wá. Ọmọ Ìlàjẹ tó bá fọwọ́ gbá pákó ọkọ̀, etí rẹ̀ á sọ fún un bí inú pákó náà ṣe rí. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa kọ́ wa ní òwò. Wọ́n kọ́ wa bá a ṣe ń mọ aṣọ tó máa ṣí, bá a ṣe ń mọ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀. Wọn ò kọ́ wa ní ọkọ̀ ojú omi, nítorí pé òwò ò gbé wọn dé ibẹ̀. Nítorí náà, bá a bá dé etí odò, ohun tá a mọ̀ nípa mọ́tò la máa ń wá kiri, ìyẹn ni ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Á nu ẹ́ńjìnnì mọ́, á ti tan án kẹ́ ẹ tó dé, á dún, inú yín á dùn. Àwọn kan tún máa ń sọ fún mi pé, ṣebí ẹ́ńjìnnì ló gba owó jù nínú ọjà náà, òun ló yẹ ká wò jù. Ọ̀rọ̀ yẹn mọ́gbọ́n wá létí, ṣùgbọ́n kò dúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú láàárín omi, ẹ ṣì lè fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ dé èbúté. Bí ìdí ọkọ̀ bá lu láàárín omi, kí lẹ fẹ́ fi tù ú? Ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́, ẹ lè tú u, kẹ́ ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ gbé e sára ọkọ̀ míì. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ti jẹrà, igi ìdáná ló kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi àlòkù là ń sọ. Ohun tí mo ní kí ẹni tó fẹ́ rà á ṣe ni pé kó jẹ́ kí wọ́n fa ọkọ̀ gòkè kó tó sanwó. Ó dáa, wọ́n ti fà á gòkè. Kí la fẹ́ wò? Ẹ mú káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ dání, kó má ṣe jẹ́ èyí tí ẹni tó ń tajà bá yín pè. Kí wọ́n fọ ẹrẹ̀ àti koríko omi kúrò nídìí ọkọ̀. Kí káfíńtà mú ọ̀bẹ tó ní ṣóńṣó, kó máa fi gún pákó jẹ́jẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Igi tó yè kooro á kọ ọ̀bẹ. Igi tó ti jẹrà á gba ọ̀bẹ wọlé láìjà, bí ẹ bá sì fà á yọ, ohun tó máa bá a jáde á rọ̀, á dúdú. Lẹ́yìn náà, kó fi òòlù kékeré máa gbá a. Pákó tó le á dún kọ́, kọ́, kọ́. Èyí tí inú rẹ̀ ti ṣófo á dún bọ̀, bọ̀, bọ̀. Etí tí kò gbọ́ ọ rí á mọ ìyàtọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ wo orí ìṣó. Bí ìpẹtà bá ti yí orí ìṣó ká, tí igi tó yí i ká sì ti dúdú, ìṣó yẹn ò di nǹkan kan mú mọ́, bó tiẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wo òwú tí wọ́n fi dí àárín pákó kan sí èkejì. Ṣé ó ṣì kún, àbí ó ti ń yọ síta? Bí ẹ bá rí páànù tí wọ́n kàn mọ́ ojú kan, ẹ béèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n ṣí i. Bí gbogbo ọkọ̀ bá ti gbó, àmọ́ tí ọ̀dà tuntun dán yinrin ní ojú kan ṣoṣo, ojú yẹn gan-an ni kí ọ̀bẹ kọ́kọ́ lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí pẹ́ jù lọ ni inú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Igi tó wà lábẹ́ omi ní gbogbo ìgbà kì í tètè jẹrà, nítorí ohun tó ń mú igi jẹrà nílò atẹ́gùn pẹ̀lú ọ̀rinrin. Igi tó ń tutù lónìí tó ń gbẹ lọ́la ló máa ń bàjẹ́. Omi òjò tó dúró sínú ọkọ̀, lábẹ́ pákó tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, níbi tí oòrùn ò dé, ibẹ̀ ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Etíkun lọ́hùn-ún, ní Tema tàbí Cape Coast, iyọ̀ inú òkun máa ń dín ìjẹrà kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ní kòkòrò tirẹ̀ tó ń lu igi. Omi tiwa ò ní iyọ̀. Òjò tó ń rọ̀ sínú ọkọ̀ wa ò ní iyọ̀. Torí náà, ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èèkàn ní Yapei fún odindi ìgbà òjò, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́n omi inú rẹ̀, lè bàjẹ́ ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lọ. Ẹni tó ń tà á á ní, a ò lò ó púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dùn mọ́ yín jù. Ẹ ní kí wọ́n kó pákó inú rẹ̀ kúrò. Ẹ wo egungun ọkọ̀, àwọn igi tó tẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ tó di gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ gún orí wọn àti ibi tí wọ́n ti pàdé pákó ìdí. Ẹ wo pákó ẹ̀yìn tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì kọ́. Ẹ́ńjìnnì máa ń gbọ̀n ọ́n láti òwúrọ̀ dé alẹ́, omi sì máa ń gba ojú ihò bóòtù wọlé. Ẹ di ẹ́ńjìnnì mú, kẹ́ ẹ gbé e sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Bí pákó yẹn bá ń mì tàbí tó ń han, kò lè gbé ẹ́ńjìnnì mọ́. Irú igi tí wọ́n fi ṣe é náà ní ìtumọ̀. Wawa tí wọ́n ń lò gan-an fún ọkọ̀ ní Ghana, arère tiwa ni. Ó fúyẹ́, ó rọ káfíńtà lọ́rùn, ṣùgbọ́n kì í lè fara da ọ̀rinrin pẹ́. Odum, ìyẹn ìrókò, máa ń pẹ́ jù ú lọ, owó rẹ̀ sì yàtọ̀. Bí wọ́n bá bá yín ná an ní owó odum, kí káfíńtà yín jẹ́rìí sí i pé odum ni.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ẹni tó ń tajà máa sọ, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Àkọ́kọ́, á ní wàhálà ni láti fa ọkọ̀ gòkè, ó ń gba ènìyàn, ó ń gba owó. Òótọ́ ni. Ó ń gba ọ̀dọ́mọkùnrin bíi mélòó kan, ó ń gba ìtì igi tí wọ́n á tẹ́ sílẹ̀ láti fi yí i. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ máa san owó yẹn. Ẹ fi kún owó tẹ́ ẹ fẹ́ ná látilẹ̀. Bó ti wù kó pọ̀ tó, kò tó owó ọkọ̀, kò sì tó owó ìsìnkú. Ìkejì, á ní, ọkọ̀ yìí ti ń rìn láti ọjọ́ pípẹ́ wá, kò rì rí. Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ọkọ̀ kì í rì lẹ́ẹ̀mejì ká tó mọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tó ti rì ló ti rìn dáadáa títí di ọjọ́ tó rì. Bó ṣe pẹ́ lórí omi tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdí fi pọ̀ tó tó fi yẹ ká wo abẹ́ rẹ̀. Ìkẹta ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ gbọ́, torí ẹni tó mọ ọkọ̀ ló máa sọ ọ́. Á ní, bí ẹ bá fà á gòkè nínú ọyẹ́ yìí, pákó rẹ̀ á gbẹ, á sún kì, àárín rẹ̀ á là, bá a bá dá a padà sómi, á máa jò. Ẹni yẹn ò parọ́. Pákó tó gbẹ máa ń sún kì, èyí tó mu omi máa ń wú, wíwú yẹn ló sì ń mú kí àárín rẹ̀ pa dé. Àmọ́ ọ̀sán kan ò lè gbẹ pákó ọkọ̀ débi tó máa bàjẹ́. Ẹ fà á gòkè láàárọ̀, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kó padà sómi ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gan-an ló tún kọ́ wa ní nǹkan míì. Ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tó ti wà níbẹ̀ láti oṣù mélòó kan, ẹ má tìtorí pé ẹ rí ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ sanwó. Omi ló kù tí kò tíì jẹ́rìí.

Nítorí náà, lẹ́yìn ilẹ̀, ẹ dá a padà sómi. Ẹ gbọ́n inú rẹ̀ gbẹ pátápátá ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kó sùn lórí omi ní òru kan, kí ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán sùn sí etídò. Ní òwúrọ̀, ẹ wo iye omi tó ti wọlé. Ọkọ̀ onípákó máa ń mu omi díẹ̀, ìyẹn ò burú. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ yín bá rì sínú omi láàárọ̀, ó ti sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀, ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀ sí i kí pákó rẹ̀ wú, kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Bí ẹ bá lè rí àpò yanrìn, ẹ kó o sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tó ìwúwo ẹrù tẹ́ ẹ fẹ́ máa kó. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ṣé ó dúró gbọọrọ, àbí àárín rẹ̀ ń tẹ̀? Ọkọ̀ tí àárín rẹ̀ ń tẹ̀ bí wọ́n bá di ẹrù lé e, egungun rẹ̀ ti ń jọ̀wọ́ ara wọn. Ọ̀dà kankan ò lè wo ìyẹn sàn.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Mi ò ní kẹ́ ẹ má wò ó. Kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n tan án, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Bó bá ti gbóná kẹ́ ẹ tó dé, ẹ ní kó tutù ná, torí ẹ́ńjìnnì tí kì í fẹ́ jí ní òtútù ni wọ́n máa ń mú gbóná de oníbàárà. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ wo omi tó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi yẹn ló ń mú un tutù. Bí kò bá tú dáadáa, ooru á pa á. Ẹ ní kí wọ́n tú òróró jíà rẹ̀ díẹ̀. Bó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọlé. Ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé wọn ò fá a kúrò, torí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wà lára ohun tí olè ń jí létídò, ẹni tó bá sì ra ẹrù olè ti ra ẹjọ́. Lórí ìwé, iléeṣẹ́ Ghana Maritime Authority, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2002, ló ń bójú tó ọkọ̀ lórí adágún Volta. Ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ náà ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kí nọ́ńbà inú ìwé bá ti ara ọkọ̀ mu. Ẹ sanwó níwájú olórí àwọn apẹja etídò yẹn, kí ó mọ̀ yín, kí ó sì mọ ẹni tó tà á. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀ yẹn, torí ọ̀pọ̀ yín ti mọ ìwé í béèrè bí ẹ bá ń ra ilẹ̀.

Ẹnì kan á tún sọ pé, àpọ̀jù èrò àti ẹrù ló ń pa èèyàn lórí omi, kì í ṣe pákó. Ẹni yẹn ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ní May 2021, ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Warrah ní ìpínlẹ̀ Kebbi rì, àwọn aláṣẹ sì sọ pé èrò inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tó lè gbé lọ. Mo gbà á tọkàntọkàn. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìyókù ìròyìn náà: ọkọ̀ yẹn ṣẹ́ sí méjì ni. Ẹrù tó pọ̀ jù ló máa ń ṣí àṣírí igi tó ti rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò ta ko ara wọn, wọ́n so kọ́ra ni. Ẹni tó ra ọkọ̀ tí kò le, tó san owó ọkọ̀ tó le, òun náà ló máa fẹ́ tètè rí owó rẹ̀ padà. Bó bá ń wá owó rẹ̀ kíákíá, á ní kí atukọ̀ gba èrò mẹ́wàá sí i. Àwọn míì á sì ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni, pé àyànmọ́ ò gbóògùn. Èmi náà gbà pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n tó ń wọ ọkọ̀ ní Makango, ṣé ó lè ní kí wọ́n fa ọkọ̀ gòkè kóun wo ìdí rẹ̀ kóun tó wọ̀ ọ́? Kò lè ṣe é. Ọmọ iléèwé ò lè ṣe é. Nínú gbogbo àwọn tí ọkọ̀ yẹn máa gbé, títí tó fi máa gbó, ẹnì kan ṣoṣo ló ní ọjọ́ kan tó lè sọ pé ẹ fà á sókè kí n rí i. Ẹni tó fẹ́ rà á ni. Ọjọ́ náà sì ni ọjọ́ tí owó ṣì wà lápò rẹ̀. Bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fà á gòkè fún un mọ́.

Ohun tó kù ni ojú àánú, torí mo mọ̀ pé òun ló ń dí ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́. Ẹni tó ń tà á lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ó lè jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà. Ó lè jẹ́ àgbàlagbà, tó máa ní, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni? Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un, ẹ kúnlẹ̀ fún un. Ẹ ní, bàbá, a fọkàn tán yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ò rí abẹ́ ọkọ̀ yìí láti ìgbà tó ti wà lórí omi, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, kò sì ní àrífín nínú. Ẹni tó ń tajà tó mọ́ á gbà, àní inú rẹ̀ á dùn, torí bí ìdí ọkọ̀ bá le, owó rẹ̀ á gbé pẹ́ẹ́lí. Bó bá kọ̀, tó bínú, tó ní ẹlòmíràn ń bọ̀ lọ́la tó máa rà á bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn yẹn wá. Kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ lásìkò. Láàárín March sí April, omi ti fà, etídò ṣí sílẹ̀, ó rọrùn láti fa ọkọ̀ gòkè, káfíńtà sì ráyè pààrọ̀ pákó kan tàbí méjì kí òjò tó kún odò. Ẹni tó bá dúró di August, tí àwọn oníbàárà ti pọ̀ létídò, tí omi ti ń gun òkè bọ̀, wọ́n á kánjú tà á fún un, òun náà á kánjú rà á. Bí ẹ bá ní ìbéèrè lórí ohun tá a sọ lónìí, ẹ pè wá lẹ́yìn ètò yìí. Bí káfíńtà ọkọ̀ kan bá ń gbọ́ wa ní Yapei tàbí Buipe, kó jọ̀wọ́ pè wá pẹ̀lú, torí àwọn olùgbọ́ wa máa nílò rẹ̀.